Oríkì Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí àkùkọ tó jí mi rí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba lè máa sọ pé àkùkọ ló ń jí yín, ìyẹn ẹ̀yin. Ní tèmi, èéfín ni. Kí àkùkọ kankan tó na ọrùn ní agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, Ìyá Ẹlẹ́kọ á ti dáná, èéfín igi tútù á wọ yàrá wá bá mi lórí ẹní, n ó sì dìde pẹ̀lú ikọ́ bí arúgbó. Bí mo bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, wọ́n á bu omi tútù, wọ́n á wọ́n ọn sí mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn ní, "Ẹsẹ̀ ti jí, kí orí náà máa bọ̀."

Ìyá Ẹlẹ́kọ kọ́ ló bí mi o. Ìyá tó bí mi kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, ni bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ mọ́gàjí ilé wa, bá gbé mi lé Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ́wọ́. Wọ́n ní Ìyá Ẹlẹ́kọ kò bímọ, ọwọ́ wọn ṣófo. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ọwọ́ tí kì í sinmi láti ìdájí títí dé ìrọ̀lẹ́, òun ni bàbá mi pè ní ọwọ́ tó ṣófo.

Bàbá bàbá mi ló mú wọn ti ojú ogun bọ̀, nígbà tí wọ́n ṣì kéré débi pé kò sí ohun tí wọ́n rántí ju orúkọ kan lọ, Àwẹ̀ró, èyí tí ìyá wọn fi ń kẹ́ wọn. Wọn kò mọ ìlú tí wọ́n ti wá. Wọ́n máa ń sọ pé odò ìlú àwọn ní òkúta funfun nínú, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi òkúta funfun wá ìlú rí nílẹ̀ Yorùbá? Ní ìgbà tí mo ń wí yìí, òyìnbó ti dé, ajẹ́lẹ̀ ti jókòó, wọ́n ní kò sí ẹrú mọ́. Òfin yẹn kò dé ẹnu àwọn ìyàwó ilé wa. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nídìí kànga, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi parí rẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́kọ ni "ẹrú". Ìyá Ẹlẹ́kọ á gbé omi wọn, wọ́n á máa lọ.

Iṣẹ́ ẹ̀kọ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Àgbàdo á wà nínú omi títí yóò fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, èérí á dúró lókè, ògì á lọ sísàlẹ̀. Ẹran wa ló ń jẹ èérí náà, àwọn ewúrẹ́ ilé wa sì sanra ju àwa ọmọ ilé lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n nu ewé eéran. Ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ ni, n ó nù ún lójú àti lẹ́yìn, kí iyanrìn kankan má ṣe wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá pàdé iyanrìn nínú ẹ̀kọ, etí mi ló ń sanwó rẹ̀. Ìka méjì péré ni Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ń fa etí, àmọ́ ìka tó ti ro ògì láti kékeré ni, ẹ̀mú ni. Bí mo bá parí, n ó sá lọ sórí àpáta Mápó, nítorí pé gbọ̀ngàn kò tíì sí níbẹ̀ nígbà náà, àpáta lásán ni. A ó jókòó lórí màrìwò ọ̀pẹ, a ó yọ̀ wálẹ̀ wìì, aṣọ ìdí á ya, n ó sì tún padà wá jẹ ìyà aṣọ yíya. Mo jẹ ìyà nígbà náà o, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn mí títí di òní nínú gbogbo ìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn asunrárà ìlú ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí iná wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń lọ láti ilé ìjòyè kan sí èkejì, tí wọ́n ń fi ohùn kì ènìyàn títí orí onítọ̀hún á fi wú. Kí wọ́n tó jáde, ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ ni wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹni tí ohùn rẹ̀ há, Ìyá Ẹlẹ́kọ á po oyin mọ́ ẹ̀kọ mímu lọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, wọ́n á fi òrí pa á lọ́rùn, wọ́n á ní kó má sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Ẹni tí kò bá rí nǹkan gbà lánàá, á jẹun náà. Èmi kò rí ìgbà kan tí Ìyá Ẹlẹ́kọ lé asunrárà nídìí ìkòkò. Wọ́n máa ń ní, "Ọ̀rọ̀ wúwo. Ẹni tó ń rù ú ní láti jẹun." Kò sí rárà kan tó dún ní Ìbàdàn láàárọ̀ tí ẹ̀kọ Ìyá Ẹlẹ́kọ kò sí nídìí rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó jiyàn.

Àjàdí ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ẹ dákun, mi ò ní fi "wọ́n" pe Àjàdí. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, ó sì ti kú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó bínú. Ohùn rẹ̀ dùn. Ìyẹn n kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gbé ohùn sókè ní Ọjà'ba, ẹni tó ń wọn gààrí á gbàgbé igbá sókè.

Àṣà kan wà nílé wa. Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n bá ti kírun dé tí wọ́n sì ti dúńbú àgbò, Àjàdí á dúró ní ìta ilé, á bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́gàjí, á máa kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé orí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá kì níta lọ́jọ́ náà, ọmọ ilé ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí kò kì, bó ti wù kó pẹ́ tó nínú ilé náà, ẹni àbáwọlé ni. Bó bá sì kú, ibẹ̀ náà la ti ń mọ ibi tí a ó sin ín sí. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ là ń sin ọmọ ilé sí, níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ á ti máa sùn lé e lórí. Ẹ̀yìn ilé là ń sin ẹrú sí, níbi tí a ń da eérú sí. Èmi, ọmọ tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀, Àjàdí á kì mí, "Àṣàkẹ́, ọmọ Jagun," inú mi á dùn. Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ń nu imú náà á wà lẹ́yìn mi, kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Àjàdí kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀sín. Ó máa ń ní, "Ìyá, orílẹ̀ la fi ń kì ènìyàn. N kò mọ orílẹ̀ yín. Ọmọ ta ni kí n pè yín?" Òótọ́ ni. Ìyá Ẹlẹ́kọ á sì tún bu ẹ̀kọ sí i fún un.

Ó wá di ọdún kan, ọyẹ́ mú, ohùn Àjàdí lọ pátápátá. Kò lè pe ajá. Àwọn elégbè rẹ̀ fọ́n ká, wọ́n wá ọ̀gá mìíràn. Ìyá Ẹlẹ́kọ nìkan ló dúró tì í. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún un ní oyin àti ẹ̀kọ, wọ́n ń pa á lọ́rùn bí ọmọ tuntun, èmi ló sì ń lọ wá òrí kiri Ọjà'ba. Nígbà tí ohùn náà padà, ìdí iná wa ló padà sí. Àjàdí jókòó, ó wo Ìyá Ẹlẹ́kọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ewé, ló bá la ẹnu:

Àwẹ̀ró, adáná kí àkùkọ tó kọ,
Atẹ́wé bí ẹni tẹ́ní fálejò.
Ìkòkò rẹ kì í gbẹ, ọ̀fun wa kì í gbẹ.
Ó bù fẹ́ni ó mọ̀, ó bù fẹ́ni tí ò mọ̀,
Ebi wọlé Àwẹ̀ró, ebi kú síbẹ̀.

Háà! Ewé bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Mo wò wọ́n, ojú wọn kún fún omijé. Àjàdí ní, "Ìyá, ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò ní orílẹ̀, a ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í." Ìyá Ẹlẹ́kọ kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí lójú mi, àmọ́ wọ́n tọrọ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Àjàdí, ṣé wàá kì mí bẹ́ẹ̀ níta lọ́jọ́ Iléyá?" Àjàdí fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè. A lọ sọ fún bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bí Àjàdí bá rí ohun kì, èmi ò ní dí i lẹ́nu. Ẹni tó bá ti kì níta, ọmọ ilé ni."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ń kùn. Wọ́n ń sẹ́ ògì, wọ́n ń kùn ún. Wọ́n ń ko iná, wọ́n ń kùn ún. Àwọn ìyàwó ilé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ etí wa jàre, oríkì ti ń gùn yín." Èmi náà mọ̀ ọ́n lórí ju orúkọ mi lọ. Nígbà tí Iléyá sún mọ́, Ìyá Ẹlẹ́kọ kó kíjìpá wọn tó ti ṣá lọ sọ́dọ̀ aláró, ó sì padà dúdú bọ̀lọ̀jọ̀. Wọ́n di irun. Wọ́n le tìróò. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ lẹ́wà.

Lọ́jọ́ ọdún náà, a kírun dé, a dúńbú àgbò, a jókòó níta. Àjàdí kò yọjú. Oòrùn mú, àwọn ọmọ ń sunkún ẹran. Bàbá mi ní kí a máa jẹun, pé bóyá asunrárà ti rí ibi tí ẹran ti pọ̀ ju tiwa lọ. Gbogbo ènìyàn wọlé. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò wọlé. Wọ́n dúró níta nínú aró tuntun wọn, wọ́n ń wo ọ̀nà Mápó. Níkẹyìn wọ́n ní, "Wọ́n ti dá a dúró síbì kan, ebi á sì ti máa pa á. Asunrárà tí kò jẹun, kí ni yóò fi sun ún? Gbé igbá yẹn." A po ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú oyin, a kọrí sí òkè.

A kò tíì dé òkè tí a fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ilé Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ ló wà, obìnrin kan tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ òyìnbó, tó sì ń tà á, ilé rẹ̀ sì ni ilé onípáànù àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Obìnrin náà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ lórí tìmùtìmù. Èrò kún. Àjàdí wà láàárín, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń kì í:

Àbẹ̀kẹ́, adáná kí àkùkọ tó kọ,
Atẹ́wé bí ẹni tẹ́ní fálejò.

Mo rò pé etí mi ni. Ó ń bá a lọ. Ìkòkò rẹ kì í gbẹ. Ìkòkò wo? Obìnrin tí kò mọ ibi tí wọ́n ń da eérú sí nílé ara rẹ̀! Obìnrin tó jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń bu omi ìbọ́jú fún un! Èrò ń hó yèè. Ebi wọlé Àbẹ̀kẹ́, ebi kú síbẹ̀. Obìnrin náà ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Mo wo ojú Ìyá Ẹlẹ́kọ, n kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á pariwo. Ká ní èmi ni mo dàgbà, ǹ bá da ẹ̀kọ náà lé Àjàdí lórí, kí ọdún bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni ohùn Àjàdí ti há. Ó húkọ́, ó tún húkọ́. Ìyá Ẹlẹ́kọ gba igbá lọ́wọ́ mi, wọ́n la èrò kọjá, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ti mu dé ìdajì kó tó rí ọwọ́ ẹni tó gbé e fún un. Ojú rẹ̀ yí. Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ na ọrùn láti orí àga, ó ní, "Ta nìyẹn?"

Àjàdí nu ẹnu. Ó kọjú sí Àbẹ̀kẹ́, ó ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn, Ìyá mi. Ẹlẹ́kọ àdúgbò lásán ni." Ohùn rẹ̀ sì ti là. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mò ń sunkún pẹ̀lú ìbínú. Ìyá Ẹlẹ́kọ ní, "Nu ojú rẹ. Wọ́n á rò pé mo nà ọ́ lọ́jọ́ ọdún." A rìn díẹ̀. Wọ́n tún ní, "Oyin yẹn dára. O ò rí i bí ohùn rẹ̀ ṣe já gaara."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo rò pé n kò ní rí èéfín. Èéfín wọlé wá bá mi bí ìṣe rẹ̀. Àjàdí náà dé! Ojú kò tì í, tàbí kó jẹ́ pé ebi ju ìtìjú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ forí jì mí. Èèyàn ńlá ni, ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ́wọ́ mi ni mo ní láti fún un. N ó wá òmíràn fún yín."

Ìyá Ẹlẹ́kọ kò dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ní, "Àjàdí, gbogbo ohun tí mo fi ayé mi ṣe lo kó lé ẹlòmíràn lórí yẹn. Òmíràn wo ni mo tún ní tí wàá fi kì mí?" Wọ́n tẹ́ ewé, wọ́n bu ẹ̀kọ sí i, wọ́n tì í síwájú rẹ̀. "Jẹun."

Ó sì jẹ ẹ́! Mo gbàdúrà kí ó há a lọ́fun. Ẹ̀kọ kì í há ènìyàn lọ́fun, ìyẹn ni àléébù rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ kò rí Iléyá mìíràn. Ikọ́ ni, èéfín ọjọ́ pípẹ́ ló wá gba owó rẹ̀. Àwọn asunrárà wá, gbogbo wọn, wọ́n jókòó níta wọ́n ń jẹ sàráà. Nígbà tí mo rí i tí àwọn ọkùnrin mú ọkọ́ tí wọ́n ń lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sáré lọ bá bàbá mi. Mo ní inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni o, pé Àjàdí ti kì wọ́n. Bàbá mi ní, "Níta ibo? Ta ló gbọ́?" Mo sun ún sókè níwájú gbogbo ènìyàn: Àwẹ̀ró, adáná kí àkùkọ tó kọ. Ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé bá ní, "Ọmọ yìí, ti Àbẹ̀kẹ́ Aláṣọ mà nìyẹn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n?" Bàbá mi wo Àjàdí. Ohun tó kù kò ju kí Àjàdí ní "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Àjàdí ń wo inú àwo rẹ̀. Bàbá mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "A ò gbọ́ ọ níta wa." Mo pe Àjàdí ní olè. Wọ́n ní mo bú àgbà, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé ọwọ́ sókè. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí wọ́n fi sin ìyá mi sínú eérú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ayé ti yí. Nígbà náà, ewé là ń jẹun nínú rẹ̀. Lónìí, ike ni. Nígbà náà, asunrárà á rìn dé ìdí iná; lónìí, mọ́tò ló ń gbé wọn, máìkì ló ń ràn wọ́n lóhùn. Àjàdí di ẹni ńlá kó tó kú, òkú rẹ̀ sì gba gbogbo ìlú. Oríkì yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sínú rédíò, ó bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí obìnrin olówó kan ní Ìbàdàn tí wọn kò fi kì. Mo ti gbọ́ ọ fún ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì. Mo ti gbọ́ ọ fún ẹni tí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sá lọ nítorí ebi.

Èmi náà ń bọ́ wọn, kí n má purọ́. Pálọ̀ mi ni àwọn akéwì ọ̀dọ́ ti ń kóra jọ, mo sì ń wá oúnjẹ fún wọn, nítorí pé ọwọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́kọ kọ́ mi nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ wọn kó wa jọ sí gbọ̀ngàn Mápó, orí àpáta tí mo ti ń yọ̀ nígbà èwe. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bọlá fún gbogbo ẹni tó dúró ti ewì. Wọ́n pe ẹni tó ra àga fún wọn. Wọ́n pe ẹni tó fún wọn ní mọ́tò. Wọ́n pe èmi náà, wọ́n fi mí jókòó síwájú. Ọmọkùnrin kan tí mo fi oúnjẹ bọ́ mú máìkì, ó kọjú sí mi, ó gbé ohùn sókè: "Àṣàkẹ́, adáná kí àkùkọ tó kọ..."

Gbogbo ènìyàn dìde. Wọ́n ń retí kí n jó. Mo jókòó títí ó fi dé ibi tí ebi ti kú, mo wá nawọ́ gba máìkì náà. Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lò ń kì. Àwẹ̀ró ló ni ín. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà. Ẹ̀yìn ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n wà, lábẹ́ eérú."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba máìkì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí ìrẹ̀lẹ̀ àgbà? Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mámà wa!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́.